Òkúta Àwọn Ará Àtijọ́ Lábẹ́ Ìtẹ́ Àwọn Ọba Tuntun

Ní ọjọ́ 27 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 737, Favila tí í ṣe ọba Asturias ní àríwá ilẹ̀ Sípéènì ya ilé ìjọsìn kan sí mímọ́ ní ìlú Cangas de Onís. Santa Cruz ni wọ́n ń pe ilé ìjọsìn náà. Ìjọba tuntun ni ìjọba Favila nígbà náà. Pelayo, bàbá rẹ̀, ni ó dá a sílẹ̀ láàárín àwọn òkè, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Mùsùlùmí ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀ náà láti ọdún 711. Ilé ìjọsìn yìí kéré, ṣùgbọ́n ibi tí ọba yàn láti kọ́ ọ sí kì í ṣe ibi lásán. Orí òkìtì kan ni. Inú òkìtì náà ni ibojì kan wà tí wọ́n fi òkúta ńláńlá tò, tí àwọn tí ó tò ó sì ti kú ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí wọ́n tó bí Favila. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò hú òkúta wọ̀nyí dànù. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ lábẹ́ ilé ìjọsìn, títí di òní sì ni ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ lè rí wọn.

Irú ohun tí Favila ṣe yìí wọ́pọ̀ ní Yúróòpù láàárín ọdún 500 sí ọdún 1000. Ní Yeavering, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọba Northumbria kọ́ gbọ̀ngàn onígi gbọọrọ-gbọọrọ sí àyíká ibojì àtijọ́, wọ́n sì tò wọ́n lọ́nà tí ìlà wọn fi bá ti ibojì náà mu. Brian Hope-Taylor, awalẹ̀pìtàn tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1952 títí di 1962, rí i pé àwọn òkú ìgbà àwọn ọba yìí pàápàá, ẹ̀gbẹ́ ibojì àtijọ́ ni wọ́n sin wọ́n sí. Ibẹ̀ kan náà ni òpìtàn Bede sọ pé àlùfáà Paulinus ti fi ọjọ́ 36 ṣe ìrìbọmi nínú odò Glen fún àwọn ènìyàn Ọba Edwin. Ní Knowth, ní ilẹ̀ Ireland, òkìtì ibojì tí wọ́n mọ ní nǹkan bí ọdún 3200 ṣáájú ìbí Kírísítì di ààfin àwọn ọba Brega ti àríwá. Wọ́n gbẹ́ yàrà yí i ká, wọ́n sì ń gbé orí rẹ̀. Ní Jelling, ní Dẹ́ńmákì, ìdílé Ọba Gorm mọ òkìtì ńlá kan ní ọ̀rúndún kẹwàá. Orí òkìtì ibojì mìíràn tí ó ti wà láti ayé àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ni wọ́n mọ ọ́n lé. Ní nǹkan bí ọdún 965 ni Harald, ọmọ Gorm, gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ síbẹ̀ fún bàbá àti ìyá rẹ̀, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ àti ìṣẹ́gun rẹ̀ kún un.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọba yìí tí ó lè ka ìran bàbá rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kọ́ ibojì tí ó gbé ìjọba rẹ̀ lé. Àkókò tí ó wà láàárín wọn ti jìn jù. Ohun tí ó sì mú wọn ṣe é nìyẹn. Agbára Róòmù ti wó, àwọn ìdílé tuntun ń bá ara wọn du ilẹ̀, ó sì nira fún ẹnikẹ́ni láti sọ ìdí tí ó fi yẹ kí òun jọba dípò aládùúgbò rẹ̀. Bí ọkùnrin kan bá jókòó sórí òkìtì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí ó sì ní àwọn baba ńlá òun ni ó wà nínú rẹ̀, ta ni yóò já a nírọ́? Àwọn tí ó mọ òtítọ́ ti kú tipẹ́. Awalẹ̀pìtàn Richard Bradley ni ó la ọ̀nà ìrònú yìí sílẹ̀ ní ọdún 1987. Sarah Semple, awalẹ̀pìtàn bákan náà, wá fi ìwé odindi kan lé e ní 2013, lórí bí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ṣe ń wo ohun àtijọ́ tí ó wà lórí ilẹ̀ wọn.

Ó tọ́ kí á bèèrè bóyá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Èmi gbà pé ó ṣẹlẹ̀, ó sì ṣẹlẹ̀ lọ́nà tí ó hàn kedere ju ti Yúróòpù lọ, nítorí pé àwọn ètùtù tí ó so ọba mọ́ ohun àtijọ́ kò tíì parẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ìyàtọ̀ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Ní Yúróòpù, ẹgbẹ̀rún méjì sí mẹ́rin ọdún ni ó wà láàárín ẹni tí ó ṣe nǹkan àti ẹni tí ó gbà á. Ní Ilé-Ifẹ̀ àti àyíká rẹ̀, ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ni. Ṣùgbọ́n níbi tí kò sí ìwé, ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta tó láti sọ orúkọ oníṣẹ́ nù pátápátá.

Ìtàn Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ kò fi pamọ́ pé àwọn ènìyàn kan wà lórí ilẹ̀ náà kí Odùduwà tó gorí oyè. Ìletò 13 ni àwọn òpìtàn máa ń kà: Ìdẹta, Ìwìnrìn, Ìjùgbè, Ìlórómù, Parakin àti àwọn yòókù, olúkúlùkù pẹ̀lú olórí tirẹ̀. Ọbàtálá ni olórí tí a mọ̀ jù nínú wọn. Ìjà ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn wọ̀nyí àti ẹgbẹ́ Odùduwà, ẹgbẹ́ Odùduwà sì borí. Àwọn tí ó borí kò lè pa gbogbo ẹni tí wọ́n bá nílẹ̀, wọn kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọwọ́ àwọn onílẹ̀ ni ètùtù ilẹ̀ wà. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé àtijọ́ ṣe ń jẹ oyè àwòrò títí di òní, tí ọba kò sì lè parí ìwúyè rẹ̀ láìsí wọn. Suzanne Blier, òpìtàn iṣẹ́ ọnà, kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ ní 2015 pé Ọbalùfọ̀n Aláyémọrẹ ni ó parí ìjà yìí, àti pé ó lo iṣẹ́ ọnà láti fi bu ọlá fún ìhà méjèèjì. Àbá rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí a ń rí ní ojúbọ Ifẹ̀ mu.

Igbó Ọrẹ jẹ́ ẹ̀rí kan. Ìtàn sọ pé ọdẹ ni Ọrẹ, ó sì ti wà ní Ifẹ̀ kí Odùduwà tó dé. Nínú igbó rẹ̀ ni wọ́n ti bá àwọn ère olókùúta tí ènìyàn kò rí irú wọn níbòmíràn ní Ifẹ̀. Èyí tí a mọ̀ jù ni Ìdẹ̀na, adènà tí ó dúró ṣánṣán, tí ó káwọ́ síwájú ikùn, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ orí rẹ̀ kí ó lè dà bí irun. Iṣẹ́ ẹni tí ó mọ irin lò ni, ó sì tún mọ bí a ṣe ń lu òkúta akọ tí kò ní fọ́. A kò mọ orúkọ rẹ̀. Orúkọ Ọrẹ ni a mọ̀, nítorí pé ìdílé kan wà tí ń bọ ọ́.

Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ni ó tóbi jù nínú gbogbo iṣẹ́ òkúta Ifẹ̀. Òpó òkúta akọ kan ṣoṣo ni, ó ga tó mítà márùn-ún ààbọ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ kí ó rí gbọọrọ kí orí rẹ̀ sì tín-ín-rín. Lára rẹ̀ ni wọ́n kan ìṣó irin tí orí wọn yí po bí ìgbín sí, ní ìlà-ìlà. Kí á tó kan ìṣó bẹ́ẹ̀ sínú òkúta, a ní láti kọ́kọ́ lu ihò sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni, ó sì ti ní láti jẹ́ pé ẹnìkan wà tí ó ń bọ́ wọn fún oṣù púpọ̀. Ìtàn ní ọ̀pá ogun Ọ̀rànmíyàn ni. Àwọn mìíràn ní ojú oórì rẹ̀ ni.

Ohun tí òpó yìí ń ṣe fún àwọn ọba ni ó kàn wá níhìn-ín. Ọ̀rànmíyàn ni Ọ̀yọ́ ń pè ní baba wọn, òun náà ni Ìbìní ní ó bí Ẹwẹ́ká, ọba àkọ́kọ́ nínú ìdílé tí ó wà lórí oyè lónìí. Ìlú méjì tí ó lágbára jù Ifẹ̀ lọ nígbà tí ó yá, tí wọ́n sì ní ọmọ ogun ju Ifẹ̀ lọ, ni wọ́n ń tọ́ka sí òkúta kan ní Ifẹ̀ pé ibẹ̀ ni ìdí àwọn wà. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, sọ pé Aláàfin tuntun ní láti ránṣẹ́ sí Ifẹ̀ fún idà Ọ̀rànmíyàn kí oyè rẹ̀ tó pé. Láìsí idà náà, kò ní ọlá àṣẹ láti pa ẹnikẹ́ni. Ọ̀yọ́ kò nílò Ifẹ̀ fún ogun tàbí fún òwò. Ohun tí ó nílò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ọjọ́ orí.

Nínú Ifẹ̀ náà, ọdún Ọlọ́jọ́ ni ibi tí a ti lè fojú rí bí ọba ṣe ń gba agbára lára ohun àtijọ́. Ọọ̀ni á kọ́kọ́ wọ ìpèbí fún ọjọ́ mélòó kan, á sì jáde pẹ̀lú adé Àrè, adé tí kì í wọ̀ ní ọjọ́ mìíràn. Á wá kọrí sí Òkè Mògún, ojúbọ Ògún tí àwọn òkúta àtijọ́ wà nílẹ̀ rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọba tí ń gbé ayé máa ń dúró níwájú òkúta tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ọjọ́ tí wọ́n rì í mọ́lẹ̀, ojú gbogbo ìlú sì ni ó ti ń ṣe é. Nínú ààfin bákan náà ni Ògún Ládìn wà, òkìtì irin kan tí ó wúwo gidigidi. Ìtàn sọ pé Ládìn ni alágbẹ̀dẹ Odùduwà, irin náà sì ni owú rẹ̀. Irin tó bẹ́ẹ̀ kì í jáde láti inú iná kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń sọ fún wa nípa àwọn aládáàrọ irin tí ó ti wà ní Ifẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ilé ọba ni ó fi ń jẹ́.

Àwọn ilẹ̀ àpáàdì náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Ifẹ̀ kò ní pẹ́ kan ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, tí wọ́n fi etí gbé àpáàdì náà dúró ṣinṣin, tí wọ́n sì máa ń to òkúta funfun kéékèèké sáàárín wọn nígbà mìíràn kí ó lè ní bátànì. Àwọn awalẹ̀pìtàn fi ọ̀pọ̀ nínú wọn sí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹrìnlá, wọ́n sì tàn kálẹ̀ débi pé kò dájú pé ìgbà ọba kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe wọ́n. Síbẹ̀ ìtàn ẹnu ní Lúwo, obìnrin kan ṣoṣo tí ó jẹ Ọọ̀ni, ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ́ gbogbo ìlú kí ẹrẹ̀ má baà kan ẹsẹ̀ òun. Bí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ìran ṣe ń di àṣẹ ẹnìkan nìyẹn. Mi ò ka ìtàn náà sí irọ́, nítorí pé ó pa ìrántí ọba obìnrin mọ́ fún wa, èyí tí ì bá ti sọnù. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fi ọwọ́ wọn to àpáàdì náà kò sí nínú rẹ̀.

Ní 1938, àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, tí kò jìnnà sí ààfin, hú àwọn orí idẹ àti bàbà jáde, tí ọ̀pọ̀ wọn tóbi tó orí ènìyàn gan-an. Ihò kéékèèké wà níbi irun wọn àti ní ọrùn wọn. Ihò wọ̀nyí ni ó jẹ́ kí awalẹ̀pìtàn Frank Willett rò pé wọ́n ń de adé mọ́ orí náà, wọ́n sì ń gbé e ka ère igi nígbà ìsìnkú kejì ọba, kí gbogbo ènìyàn lè rí i pé ọba kú ṣùgbọ́n oyè kò kú. Àwọn mìíràn gbà pé ibi tí wọ́n ń gbé adé lé láti ọdún dé ọdún ni. Èyí ó wù kí ó jẹ́ nínú méjèèjì, orí àtijọ́ ń ru adé ọba tí ó ń bọ̀. A tún mọ ti ìbòjú bàbà tí wọ́n ń pè ní Ọbalùfọ̀n, tí ìtàn ní kò fi ìgbà kankan kúrò nínú ààfin láti ọjọ́ tí wọ́n ti dà á. Wọ́n la ojú sí i lábẹ́ ẹyinjú kí ẹni tí ó bá fi bojú lè ríran.

Àwọn àjèjì pẹ̀lú fẹ́ fi ohun Ifẹ̀ kọ́ ìtàn tiwọn. Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ ní ìparí ọdún 1910. Wọ́n fi orí idẹ kan hàn án tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ ní igbó Olókun tí wọ́n sì máa ń hú jáde fún ètùtù. Ó fẹ́ gbé e lọ, ìjọba amúnisìn sì dá a dúró. Ohun tí ó sọ lẹ́yìn náà burú ju ìyẹn lọ: ó ní iṣẹ́ yìí ju ọwọ́ aláwọ̀dúdú lọ, àwọn ará Atlantis ni wọ́n ṣe é. Favila gba ibojì àwọn tí ó ti kú, kò sì sẹ́ pé àwọn kan ni wọ́n kọ́ ọ. Frobenius gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ọmọ-ọmọ wọn dúró síwájú rẹ̀, ó sì fi í fún àwọn tí kò gbé ayé rí. Ó ṣì ń dùn mí pé ìwé ti ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó jáwọ́.

Ọ̀rọ̀ Ìbìní le ju èyí lọ, ó sì yẹ kí á fara balẹ̀ wò ó. João de Barros, òpìtàn ilẹ̀ Potogí, kọ ọ́ ní 1552 pé bí ọba tuntun bá jẹ ní Ìbìní, yóò rán ikọ̀ pẹ̀lú ẹ̀bùn lọ sọ́dọ̀ ọba ńlá kan ní ìlà-oòrùn tí wọ́n ń pè ní Ogané. Ogané kì í jẹ́ kí ikọ̀ rí ojú òun. Aṣọ ìbòjú ṣẹ́dà ni ó wà láàárín wọn, ó sì máa ń na ẹsẹ̀ kan jáde nígbà tí wọ́n bá ń lọ. Ọ̀pá, àkẹtẹ̀ idẹ àti àgbélébùú idẹ ni yóò fi ránṣẹ́ padà, àwọn ará Ìbìní kò sì ní ka ọba wọn sí ọba tòótọ́ bí kò bá gba nǹkan wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé Ọọ̀ni Ifẹ̀ ni Ogané. Òpìtàn Alan Ryder kò gbà bẹ́ẹ̀: ní 1965 ó ní Ifẹ̀ kò sí ní ìlà-oòrùn Ìbìní, ó sì tọ́ka sí agbègbè Tápà àti Ìgalà. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí.

Ní Ifẹ̀ fúnra rẹ̀, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀run Ọba Adó. Ìtàn ní ibẹ̀ ni wọ́n ń sin orí àwọn ọba Ìbìní sí, kí orí lè padà sí ibi tí ó ti wá. Willett wa ilẹ̀ níbẹ̀, ó bá kòtò, ó sì bá èédú nínú wọn. Nígbà tí wọ́n wọn ọjọ́ orí èédú náà, ọ̀rúndún kẹfà sí ìkẹwàá ni ó bọ́ sí. Ẹwẹ́ká, tí gbogbo ìdílé ọba Ìbìní ti ṣẹ̀, kò ṣeé fi sí ṣáájú nǹkan bí ọdún 1200. Nítorí náà, àwọn ènìyàn kan ti ń lo ibẹ̀ kí ìdílé tí ó fi í ṣe ọ̀run rẹ̀ tó wà rárá. Ó ṣeé ṣe kí àwọn orí kan wà níbòmíràn lórí ilẹ̀ náà tí a kò tíì gbẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rí ṣe rí lónìí, ibi tí ó ti jẹ́ ibi ọ̀wọ̀ tẹ́lẹ̀ ni Ifẹ̀ àti Ìbìní jọ fi orúkọ tuntun sí, orúkọ náà sì ṣe ilé ọba méjèèjì láǹfààní.

Kò sí àpẹẹrẹ tí ó tún mọ́ kedere ju ti Tádà lọ. Tádà jẹ́ abúlé Tápà létí odò Ọya. Níbẹ̀ àti ní erékùṣù Jẹ́bà ni wọ́n ti bá ère mẹ́sàn-án, méje ní Tádà, méjì ní Jẹ́bà. Gbogbo Tápà ni ó mọ ẹni tí ó kó wọn wá: Tsoede, tí àwọn mìíràn ń pè ní Edegi, ẹni tí ó dá ìjọba Tápà sílẹ̀. Ìtàn sọ pé obìnrin Tápà ni ìyá rẹ̀, Átà Ìdá, ọba Ìgalà, sì ni bàbá rẹ̀. Wọ́n mú un lọ sí Ìdá gẹ́gẹ́ bí ẹrú ìṣákọ́lẹ̀, bàbá rẹ̀ dá a mọ̀ níbẹ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ọmọ yòókù lọ. Nígbà tí ikú Átà súnmọ́ tòsí, ó ní kí Tsoede sá, ó fi ọkọ̀ ojú omi onídẹ, fèrè kàkàkí, ìlù àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ irin rán an lọ. Àwọn ère náà wà nínú ẹrù yìí. Ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún sí ìkẹrìndínlógún ni àwọn òpìtàn fi Tsoede sí.

Èyí tí ó lẹ́wà jù nínú àwọn ère náà ni ọkùnrin kan tí ó jókòó sílẹ̀, tí ó ká ẹsẹ̀ kan tí ó sì gbé orúnkún kejì sókè. Ó ga tó sẹ̀ńtímítà 54. Bàbà tí a kò lú mọ́ nǹkan kan ni wọ́n fi dà á, irú èyí tí ó ṣòro jù láti dà. Ojú rẹ̀, ara rẹ̀ tí ó kún, àti aṣọ tí ó ró jọ ti Ifẹ̀ débi pé kò sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ Ifẹ̀ tí kò ní dá a mọ̀. Wọ́n wọn ọjọ́ orí amọ̀ tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀, ó sì bọ́ sí ọ̀rúndún kẹrìnlá, ṣáájú Tsoede. Àwọn ère yòókù kò jọ ọ́, wọn kò sì jọ ara wọn, èyí tí ó fi hàn pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ti wá. Ẹnìkan, tàbí àwọn ènìyàn kan, ni ó kó wọn jọ, ìtàn Tsoede sì so wọ́n pọ̀ di ẹrù ọba kan ṣoṣo. Ọwọ́ àti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ère tí ó jókòó náà ti lọ, ara rẹ̀ sì ti dán. Ìdí rẹ̀ ni pé ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kọ̀ọ̀kan ni àwọn ará Tádà máa ń gbé e lọ sódò nígbà tí ó ṣì wà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n á fi yanrìn odò fọ̀ ọ́, kí àwọn obìnrin lè rọ́mọ bí, kí ẹja sì lè pọ̀. S. F. Nadel, tí ó gbé láàárín àwọn Tápà ní àwọn ọdún 1930, kọ ọ́ pé ibi tí ẹrù Tsoede bá wà ni olórí abúlé ti ní ọlá ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ilé ìṣẹ̀m̀báyé ní Èkó ni ère náà wà nísinsìnyí.

Ní Èsìẹ́, ní ìpínlẹ̀ Kwara, àwọn ará ìlú kò sọ pé àwọn ni àwọn gbẹ́ ère olókùúta tí ó lé ní 1,000 tí wọ́n bá nínú igbó wọn. Àlejò ni wọ́n pè wọ́n, àlejò tí ó di òkúta, ọ̀kan nínú wọn sì ni ọba wọn. Síbẹ̀ ọdọọdún ni wọ́n ń bọ wọ́n. Àwòrò ni ó ń ṣe ètùtù, ọlá ọdún náà sì ń kan Ẹlẹ́sìẹ́ àti gbogbo ìlú. Ilé ìṣẹ̀m̀báyé tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1945 ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Mo fẹ́ràn òtítọ́ àwọn ará Èsìẹ́ yìí: ènìyàn lè bọlá fún ohun àtijọ́ láìsọ pé bàbá òun ni ó ṣe é.

Ní Etiópíà, ìdílé tí Yekuno Amlak gbé gorí oyè ní 1270 ní àwọn jẹ́ ìran Sólómọ́nì. Gúúsù ni àárín gbùngbùn agbára wọn wà, ṣùgbọ́n Zara Yaqob, ọba kan nínú wọn, rin ìrìn àjò dé Aksum ní àríwá ní 1436 kí wọ́n lè dé e ládé níbẹ̀, láàárín àwọn òpó òkúta tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú rẹ̀. Ìtàlì mọ ohun tí òpó wọ̀nyí dúró fún. Nígbà tí Mussolini gba Etiópíà, ó mú ọ̀kan nínú wọn, ó sì gbé e lọ sí Róòmù ní 1937. Ọdún 2005 ni wọ́n dá a padà.

Àwọn ìjọba òde òní kò yàtọ̀ púpọ̀. Orí Olókun, orí idẹ tí Frobenius fẹ́ gbé lọ, ni àmì ìdíje eré ìdárayá gbogbo Áfíríkà tí Èkó gbà lálejò ní 1973. Ìbòjú eyín erin ti Ìdía, ìyá ọba Ìbìní, ni àmì ayẹyẹ àṣà FESTAC ní 1977, bí Ilé Ìṣẹ̀m̀báyé Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ kọ̀ láti yá Nàìjíríà ní ojúlówó rẹ̀. Ní 1980, orílẹ̀-èdè kan gba orúkọ rẹ̀ láti ara ògiri òkúta: Zimbabwe.

Kì í ṣe gbogbo ohun àtijọ́ ni agbára máa ń gbé ka orí, Abidjan ní Côte d'Ivoire sì jẹ́ kí á rí èyí. Ní etí ọ̀sà Ébrié, ní Songon-Dagbé ní ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, àwọn òkìtì ìkarahun wà tí àwọn ènìyàn àtijọ́ dà jọ níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹran inú rẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti ṣiṣẹ́ lórí wọn, ṣùgbọ́n òkìtì ìkarahun kò ga bí òpó, kò ní ojú bí ère, ojú ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò sì ní rí i. Àwọn Ébrié tí í ṣe onílẹ̀ Abidjan kò fi òkúta sọ pé àwọn ti pẹ́ níbẹ̀. Ìran mẹ́rin, Blessoué, Gnando, Dougbo àti Tchagba, ni wọ́n fi ń ka ara wọn, tí agbára abúlé sì ń ti ọwọ́ ìran kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì. Ayẹyẹ ìran yìí, tí gbogbo abúlé fi ń jó jáde, ni ó ń ṣe fún wọn ohun tí òkìtì Jelling ṣe fún Harald. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ti pẹ́ ní ìlú náà, pàápàá àwọn ará Èjìgbò, kò gbé òkúta kankan dání wá. Ìtàn Ifẹ̀ ni wọ́n gbé wá, òun náà sì ni àwọn olórí tí wọ́n ń fi jẹ láàárín ara wọn fi ń gba ọ̀wọ̀.

Ọ̀ràn ilẹ̀ ní Abidjan òde òní pẹ̀lú fi hàn pé pípẹ́ lórí ilẹ̀ jẹ́ agbára. Boribana wà ní Attécoubé, ní etí ọ̀sà kan náà. Àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ni, àwọn tí wọ́n ti ibi púpọ̀ wá ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ. Nígbà tí iṣẹ́ afárá kẹrin, èyí tí ó so Yopougon mọ́ Plateau, kan àdúgbò náà, wọ́n wó ilé, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn kúrò. Àwọn abúlé Ébrié bíi Locodjro àti Abobo-Doumé kò jìnnà síbẹ̀. Bí ìjọba Côte d'Ivoire bá fẹ́ gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, òfin ibẹ̀ mọ ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ àwọn onílẹ̀, ó sì la owó sílẹ̀ tí wọ́n ní láti san fún wọn kí ẹ̀tọ́ náà tó kúrò lórí ilẹ̀. Ẹni tí ó kàn kọ́ ilé sórí rẹ̀, iye ilé àti ìnáwó kíkó ni ó lè bèèrè fún.